Egbò Asofẹ́yẹjẹ: Ìwúlò Rẹ̀ àti Ewu Tó Wà Níbẹ̀

Asofẹ́yẹjẹ jẹ́ igi kékeré tó máa ń hù nínú igbó àti ní etí oko nílẹ̀ Yorùbá. Tí a bá gé e, oje funfun máa ń jáde lára rẹ̀. Àwọn ẹyẹ fẹ́ràn èso wẹ́wẹ́ rẹ̀ tó máa ń pọ́n, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Rauvolfia vomitoria.

Ohun tí wọ́n ń lò ó fún

Èèpo ara egbò rẹ̀ ni agbára oògùn náà pọ̀ sí jù. Àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ máa ń fi í tọ́jú wèrè, pàápàá ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ tí kò sì rí oorun sùn. Wọ́n tún ń lò ó fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti ibà. Ní ọdún 1960, dókítà Raymond Prince, tó ti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, kọ̀wé lórí bí àwọn oníṣègùn ilẹ̀ wa ṣe ń fi í wo wèrè.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní reserpine wà nínú rẹ̀. Ọdún 1952 ni àwọn onímọ̀ ní Switzerland yọ èròjà yìí jáde láti ara ìbátan igi náà tó wà ní Íńdíà, wọ́n sì fi ṣe oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó máa ń jẹ́ kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, kí ọkàn rọra máa lù, kí ara sì balẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra

Ohun tó ń mú ara balẹ̀ yìí kan náà lè ṣeni léṣe tó bá pọ̀jù. Ó lè fa òòyì, dídákú, imú dídí àti ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tó le. Kò sí ẹni tó lè fojú wọn iye reserpine tó wà nínú ife àgbo kan. Ẹni tó bá wá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru láti ilé ìwòsàn, tó tún ń mu àgbo yìí, ìfúnpá rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì.

Aláboyún, ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú, ọlọ́gbẹ́ inú àti ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá jà kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Àwọn kan máa ń rẹ egbò náà sínú ọtí. Yàtọ̀ sí pé ọtí jẹ́ èèwọ̀ fún Mùsùlùmí, ó tún máa ń mú kí oògùn náà kunni lóorun jù.

Tí ẹ bá ti ń lò ó, ẹ má fi pamọ́ fún dókítà yín. Ẹ má sì tìtorí àgbo pa oògùn ilé ìwòsàn tì, torí ẹ̀jẹ̀ ríru lè má fi àmì kankan hàn títí yóò fi ṣọṣẹ́. Ẹ máa lọ yẹ ìfúnpá yín wò déédéé.