Ìdánrawò Tó Di Ogun: Àjálù Slapton Lọ́dún 1944

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ ogun fi máa ń dánra wò kí wọ́n tó dójú ìjà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹrin ọdún 1944, ìdánrawò fúnra rẹ̀ ló di ogun.

Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń múra nígbà náà láti gba ilẹ̀ Faransé padà lọ́wọ́ Jámánì. Etíkun Slapton ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jọ etíkun Utah ní Normandy, níbi tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà yóò gúnlẹ̀ sí. Nítorí náà, ní ìparí ọdún 1943, ìjọba kó nǹkan bí 3,000 ènìyàn kúrò nílé àti lóko wọn ní agbègbè náà. Ẹkùn, ìyẹn Tiger, ni wọ́n sọ ìdánrawò ọ̀hún.

Ní òru ọjọ́ 28 oṣù kẹrin, ọkọ̀ ojú omi ńlá mẹ́jọ tó kún fún ọmọ ogun, ọkọ̀ ìjà àti epo tò tẹ̀lé ara wọn gba Lyme Bay kọjá. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì ló yẹ kó ṣọ́ wọn. Ọ̀kan, Scimitar, ti fara gbá ọkọ̀ mìíràn, ó sì wà ní Plymouth fún àtúnṣe. Azalea nìkan ló kù. Èyí tó burú jù ni pé àṣìṣe inú ìwé àṣẹ mú kí àwọn ọkọ̀ Amẹ́ríkà ṣí rédíò wọn sí ibi tó yàtọ̀ sí ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ìkìlọ̀ pé ọ̀tá wà nítòsí kò dé etí wọn.

Ọkọ̀ ogun Jámánì mẹ́sàn-án, àwọn asáré-bí-àṣá, ti jáde láti Cherbourg. Tọ̀pídò wọn ba ọkọ̀ mẹ́ta: méjì rì, ìkẹta fara gbọgbẹ́. Omi tutù, iná sì ń jó lórí epo tó dà sójú òkun. Ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ló so bẹ́líìtì ìléfòó mọ́ ìbàdí dípò abẹ́ apá, nítorí pé a kò kọ́ wọn dáadáa. Bí wọ́n ti bọ́ sómi tẹrùtẹrù, bẹ́líìtì náà dojú wọn kọ omi. Ó kéré tán, ọmọ ogun Amẹ́ríkà 749 ló kú, iye tó ju ti àwọn tó kú ní Utah lọ́jọ́ ìjà gan-an.

Wọ́n pàṣẹ fún àwọn tó yè pé wọn kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Àṣẹ náà nídìí: bí Jámánì bá gbọ́, ètò Normandy lè dàrú. A sì kọ́gbọ́n níbẹ̀: a tún ọ̀rọ̀ rédíò ṣe, a kọ́ àwọn ọmọ ogun bí a ti ń so bẹ́líìtì, a sì ṣètò ọkọ̀ kéékèèké tí yóò máa yọ ẹni tó bá bọ́ sómi.

Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí ogun parí, ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí ayé tó rántí wọn. Ní 1984 ni Ken Small, olótẹ́ẹ̀lì kan, mú kí wọ́n wọ́ ọkọ̀ ìjà kan jáde láti ìsàlẹ̀ òkun. Ó wà ní Torcross dòní gẹ́gẹ́ bí ìrántí. Àṣírí tó pọn dandan nígbà ogun kò yẹ kó di ìgbàgbé lẹ́yìn ogun. Ẹni tó kú nítorí àṣìṣe inú ìwé kú fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ bí ẹni tó kú lójú ìjà.