‘Bí’ ti Òwe àti ‘Bí’ ti Ẹ̀rọ

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Òwe náà yé gbogbo wa. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ọdún 17 bá ṣubú ńkọ́? Kì í ṣe ọmọdé mọ́, kò sì tíì di àgbà. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin òǹkàwé wa. Ìbéèrè yìí kan iṣẹ́ ẹ̀rọ láti Ìkẹjà dé Agége.

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni ó ń ṣàkóso Ìkẹjà títí di 1967, òun ni ó sì ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ní 1962 ni Guinness ṣí ilé ìpọntí rẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ṣọ́ bọ́ílà ní irú ibẹ̀ kì í fi ‘bẹ́ẹ̀ ni’ àti ‘bẹ́ẹ̀ kọ́’ nìkan ṣiṣẹ́. Ohun tí ó mọ̀ ni pé: bí ó bá gbóná díẹ̀ jù, dín iná kù díẹ̀.

Báwo ni a ó ṣe fi irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ lé ẹ̀rọ lọ́wọ́? Ní 1920, Jan Łukasiewicz, ọmọ ilẹ̀ Poland, sọ pé ipò kan wà láàrin òótọ́ àti irọ́. Nígbà tí ó yá, ó sọ ipò náà di púpọ̀, láti 0 dé 1. Ní 1965, Lotfi Zadeh ní Amẹ́ríkà fi ìwọ̀n sí ọ̀rọ̀ bí ‘àgbà’ àti ‘gbígbóná’. Ní 1974, Ebrahim Mamdani, tí a bí ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tanzania lónìí, fi irú ọgbọ́n náà darí ẹ́ńjìnnì kékeré kan tí ooru omi ń tì, ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ṣùgbọ́n ‘bí’ wọn kò rí bákan náà. Òfin ni ‘bí’ ti Łukasiewicz. Bí òfin bá ní kí ẹni tí ó bá wọ ilé ẹ̀rọ wọ bàtà, ẹni tí kò wọ ibẹ̀ kò rú u, ì báà wà láìwọ bàtà. Ẹlẹ́rìí ni ‘bí’ ti Mamdani: ohun tí kò bá ṣẹlẹ̀, kò ní í jẹ́rìí sí i. Ẹ jẹ́ kí ‘gbígbóná’ jẹ́ 0.8, kí ‘dín iná kù’ jẹ́ 0.3. Łukasiewicz yóò yọ 0.8 kúrò nínú 1, yóò fi 0.3 kún un: 0.5. Mamdani yóò mú èyí tí ó kéré jù: 0.3. Bí bọ́ílà bá wá tutù pátápátá, tí ‘gbígbóná’ di 0, Łukasiewicz yóò wí pé 1, Mamdani yóò wí pé 0.

Ibi tí ewu wà nìyí. Ká ní ògbólógbòó òṣìṣẹ́ kan ní kí a dín iná kù, tí èkejì ní kí a fi kún un, lórí ọ̀ràn kan náà. Gbogbo òfin ni a gbọ́dọ̀ pa mọ́ pọ̀. Nítorí náà kò ní í sí ohun tí a lè ṣe, ìjà náà yóò sì hàn sí gbangba. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́rìí, ńṣe ni a ń kó ọ̀rọ̀ wọn jọ, tí a sì ń mú àárín: iná yóò wà bí ó ti wà, èyí tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sọ.

Síbẹ̀, ọ̀nà Mamdani ni ó tètè wọ ilé iṣẹ́; ṣáájú 1985 wọ́n ti ń fi irú rẹ̀ ṣọ́ iná sìmẹ́ńtì ní Denmark. Ó rọrùn, ó sì bá ọgbọ́n àwọn òṣìṣẹ́ mu. N kò bá a jà. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹni tí yóò bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ kọ́kọ́ pinnu bóyá òfin ni òun ń ṣe tàbí ẹ̀rí ni òun ń jẹ́. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ yóò ní kí ọmọ ọdún 17 tí ó ṣubú wo ẹ̀gbẹ́, àwọn àgbà kò sì sọ bẹ́ẹ̀.