Asẹ́ Afẹ́fẹ́ Alùpùpù àti Eruku Ilẹ̀ Ìgbómìnà

 

Nígbà tí a bá ń sọ ìtàn ilẹ̀ Ìgbómìnà, àwọn ère òkúta Èsìẹ́ ni a sábà máa ń kọ́kọ́ mẹ́nu bà, nítorí pé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí a dá sílẹ̀ fún wọn ní 1945 ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Lónìí, ohun kékeré kan ni mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀: asẹ́ afẹ́fẹ́ tó wà nínú alùpùpù, èyí tí àwọn mẹ́káníìkì ń pè ní fílítà. Ní Agbamu, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ni mo ti kọ́ ìtàn yìí. Ilé wa ni ó sì san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀. Ìró ẹ́ńjìnì ni àwọn baba wa gbọ́ tí wọ́n fi pe ẹ̀rọ náà ní alùpùpù. Ọ̀kadà ní tirẹ̀ ti ara orúkọ ìlú kan ní Ìpínlẹ̀ Ẹdó wá. Olóyè Gabriel Igbinedion fi orúkọ ìlú náà pe ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí ó dá sílẹ̀ ní 1983, Okada Air, àwọn èèyàn sì fi ẹ̀fẹ̀ gbé orúkọ náà fún alùpùpù tí ń kérò. Orúkọ asẹ́ ni n ó padà sí nígbẹ̀yìn.

Ọdún 1885 ni Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach kan alùpùpù àkọ́kọ́ tó ń lo epo bẹntiróòlù ní ilẹ̀ Jámánì. Ó pẹ́ gan-an kí irú rẹ̀ tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa; kẹ̀kẹ́ ológeere àti ẹsẹ̀ ni púpọ̀ nínú àwọn àgbà fi ń rin ọ̀nà oko. Nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Gowon fi kún owó-oṣù àwọn òṣìṣẹ́ láàárín 1974 sí 1975, èyí tí a mọ̀ sí owó Udoji, ọ̀pọ̀ olùkọ́ àti akọ̀wé ni ó fi owó náà ra alùpùpù. Ní 1976, ilé-iṣẹ́ Honda gbé CG125 jáde. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, ẹrù wúwo ni alùpùpù ń rù, àti pé àwọn tó ń gùn ún kì í sábà tún un ṣe lásìkò. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fún un ní ẹ́ńjìnì tí kò díjú, tó sì lè fara da ìyà. Lẹ́yìn ètò ọrọ̀-ajé SAP ti 1986, tí ọkọ̀ tuntun di ọ̀wọ́n gógó, alùpùpù di ọkọ̀ akérò káàkiri. Lẹ́yìn ọdún 2000 ni ti Ṣáínà àti ti Íńdíà wá kún ojú ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò sí ẹni tó lè bá wa ṣe láti Japan: fífọ asẹ́.

Ilẹ̀ pupa ni ọ̀nà oko wa. Lásìkò ọyẹ́, afẹ́fẹ́ tún ń gbé eruku mìíràn wá láti aṣálẹ̀ Sahara, pàápàá láti Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún ńlá kan ti gbẹ láyé àtijọ́. Iyanrìn kíkúnná wà nínú eruku bẹ́ẹ̀, ó sì le débi pé ó lè ha irin. Bí ó bá wọ inú ẹ́ńjìnì, yóò dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì, yóò sì máa lọ irin bí ọlọ ṣe ń lọ ata.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, olùkọ́ ni bàbá mi, àgbẹ̀ sì ni pẹ̀lú. Alùpùpù kan ṣoṣo ni ó fi ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àti oko. Nígbà ọyẹ́ kan, ẹ̀rọ náà kò lè gun òkè mọ́, èéfín dúdú sì ń tú jáde. Mẹ́káníìkì tí ó gbé e lọ bá yọ asẹ́ náà, ó rí i pé eruku ti dí i pa. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jẹ́ ká yọ fílítà yìí dànù, kí ẹ́ńjìnì yín lè mí." Bàbá mi gbà. Lọ́jọ́ náà, alùpùpù sáré bí ẹṣin, inú gbogbo wa sì dùn.

Kí ọyẹ́ mìíràn tó dé, ẹ̀rọ náà ti ń mu ọ́ìlì bí ẹni mu omi. Nígbà tí wọ́n tú ẹ́ńjìnì rẹ̀, inú sílíńdà ti ha yánnayànna, àwọn ríìngì ti jẹ. Iṣu tí a tọ́jú de owó ilé-ẹ̀kọ́ ni a tà láti tún un ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin jókòó sílé fún sáà kan nítorí rẹ̀.

Mẹ́káníìkì àgbà tó tún un ṣe ni ó kọ́ bàbá mi ní ọ̀nà tó tọ́, nínú ọgbà ilé wa. Èmi ni mo ń bá wọn gbé abọ́. Ó kọ́kọ́ nu ara àpótí asẹ́, kí eruku má bàa já sínú. Ó yọ fóòmù rẹ̀, ó rì í sínú kẹrosíìnì, ó ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, kò fún un bí aṣọ. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ó kìlọ̀ pé kí a má ṣe lo bẹntiróòlù nítorí iná, àti nítorí pé ó ń jẹ àtè tó so fóòmù pọ̀. Ó fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó ṣàn án, ó sì sá a sí ibòji títí ó fi gbẹ. Ó wá ta ọ́ìlì sí i, ó tẹ èyí tó pọ̀jù jáde. Ọ́ìlì yìí ni ó ń mú eruku mọ́lẹ̀, nítorí ihò inú fóòmù tóbi ju eruku kíkúnná lọ. Ó gbé e sókè wò lójú oòrùn, ó ní, "Tíṣà, bí ẹ bá rí ibi tó ya, ẹ má rán an o. Tuntun ni kí ẹ rà." Ó ní ti oníwèé yàtọ̀: a kì í fi omi fọ̀ ọ́, a máa ń gbọn eruku rẹ̀ ni, bí ó bá sì ti dí, a ó pààrọ̀ rẹ̀.

Ìyá àgbà wa ń sẹ́ ògì nítòsí. Ó bi wá pé kí ni fílítà. Bàbá mi dáhùn pé, "Asẹ́ ni, ìyá. Asẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà kọjá kí eruku má bàa wọlé." Ìyá gbé asẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sókè, èèrí ògì ti dí i. Ó ní, "Ta ni asẹ́ rẹ̀ dí tí ó wá sọ asẹ́ nù? Ṣé kì í fọ̀ ọ́ ni?"

Kò sí ẹni tó fèsì.

Mi ò dá mẹ́káníìkì àkọ́kọ́ lẹ́bi tán. Ó rí i pé ẹ́ńjìnì kò lè mí, òótọ́ sì ni. Orúkọ àjèjì ni kò jẹ́ kí òun àti bàbá mi rí iṣẹ́ tí nǹkan náà ń ṣe. Láti ara ọ̀rọ̀-ìṣe "sẹ́" ni asẹ́ ti wá. Ẹni tó bá gbọ́ ọ ti gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló dé ilẹ̀ wa, tí a kò wá orúkọ fún ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìmọ̀ tí ì bá gba owó ilé-ẹ̀kọ́ ẹ̀gbọ́n mi là wà lọ́wọ́ ìyá àgbà ní gbogbo ìgbà náà, nínú abọ́ ògì.