Stabilisateur

Ọ̀rọ̀ Faransé ni, òun sì ni ayàwòrán ní Ladjifarani, ní Parakou, máa ń bá pàdé bó bá fẹ́ ra lẹ́ńsì. Canon ń kọ ọ́ ní IS, Nikon ń kọ ọ́ ní VR. Ohun kan náà ni: gíláàsì kan nínú lẹ́ńsì tó ń sún síhìn-ín sọ́hùn-ún láti tako gbígbọ̀n ọwọ́ ẹni tó di kámẹ́rà mú. Ọdún 1995 ni Canon gbé lẹ́ńsì IS rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde.

Ọwọ́ ayàwòrán ló ń mú dúró. Kò lè mú ẹni tí à ń yà dúró. Ibẹ̀ gan-an ni owó ti ń ṣòfò. Lẹ́ńsì 200 mm sábà máa ń fẹ́ 1/200 ìṣẹ́jú àáyá kí àwòrán má baà ṣe bàìbàì. Stabilisateur onípele 3, tí ìpele kọ̀ọ̀kan ń sọ àkókò náà di ìlọ́po méjì, lè jẹ́ kí 1/25 tó. Èyí dára fún mọ́sálásí, fún àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń jó níbi ìgbéyàwó lálẹ́, tàbí ẹṣin tó ń sáré lọ́jọ́ ọdún Gaani ní Nikki, bàìbàì náà ni yóò ṣe.

Ní tèmi, ẹni tí òde ìgbéyàwó ń bọ́, kó fi owó stabilisateur ra lẹ́ńsì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ púpọ̀, bíi 50 mm f/1.8, tàbí fìláàṣì. Ẹni tó ń fi ọwọ́ lásán gba fídíò sílẹ̀, kó san owó stabilisateur, kó má ṣiyèméjì. Àmọ́ kó kọ́kọ́ yẹ kámẹ́rà rẹ̀ wò ná: àwọn kámẹ́rà tuntun mìíràn ti ní in nínú ara wọn.