Ọmọ Tí A Kọ́, Ilé Tí A Kọ́

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ẹ fetí sí òwe yìí dáadáa: ohùn kan náà la fi ń pe kíkọ́ ọmọ àti kíkọ́ ilé. Àwọn àgbà fi ọ̀rọ̀ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn kí a lè mọ̀ pé iṣẹ́ kan ni wọ́n. Ẹni tó ń to búlọ́ọ̀kù tí kò kọ́ ọmọ, ẹni tí yóò ra ilé náà ló ń bá ṣiṣẹ́.

Ilé tó wà lọ́kàn mi ni iléèwòsàn. Owó lè kọ́ ọ, kó gbé ẹ̀rọ sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró ti aláìsàn láàárín òru? Nọ́ọ̀sì ni. Bí kò bá mọ ìwọ̀n oògùn, tàbí tí kò fura nígbà tí mímí aláìsàn yí padà, ó ti ta ilé náà nìyẹn. Ògiri á ṣì dúró, ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn á máa gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá.

Ìbàdàn ti mọ èyí tipẹ́. Òfin dá iléèwòsàn UCH (University College Hospital) sílẹ̀ ní 1952, ṣùgbọ́n 20 Oṣù Kọkànlá, 1957 ni wọ́n tó ṣí ilé náà. Iléèwé àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ kò dúró de ògiri: 1952 náà ló bẹ̀rẹ̀. Ọdún 5 ni kíkọ́ ọmọ fi ṣáájú ṣíṣí ilé.

Kofoworọla Abẹ̀ní Pratt wá darapọ̀ mọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀. Tíṣà ni obìnrin yìí kó tó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1946, níbi tó ti kọ́ṣẹ́ ní iléèwé tí Florence Nightingale dá sílẹ̀ ní 1860. Ó padà wálé, ó ṣiṣẹ́ ní UCH títí ó fi di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó jẹ́ mátírọ̀n ibẹ̀. Ó wà lára àwọn tó jẹ́ kí Yunifásítì Ìbàdàn ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní 1965, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé. Àwọn tó ti jẹ́ nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀ ni ẹ̀ka náà kọ́kọ́ gbà, kí wọ́n lè di olùkọ́. Ọgbọ́n ńlá ni: kí a tó kọ́ ọmọ, a gbọ́dọ̀ kọ́ ẹni tí yóò kọ́ ọ.

Lónìí, inú ọgbà Yunifásítì náà, tó kọjú sí Agbowó, ni akẹ́kọ̀ọ́ dìgírì nọ́ọ̀sì ti ń bẹ̀rẹ̀, tó ń ka báyọ́lójì àti kẹ́mísìrì. Lẹ́yìn náà ló máa ń kọjá sí UCH. Takisí mícrà tó gba Bódìjà kì í pẹ́ dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún 5 ni ìrìn láti inú ìwé dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, kó tó gba ìwé àṣẹ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, wákàtí 4,600 ni ìlànà là sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ìdajì rẹ̀ sì jẹ́ ti ẹ̀kọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé lè sọ bí a ṣe ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀. Àgbà nọ́ọ̀sì ló ń fi han ọmọdé bí ojú aláìsàn ṣe ń rí kí ìfúnpá náà tó já wálẹ̀.

Nítorí náà, bí nọ́ọ̀sì tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ bá di ẹrù lọ sí òkèèrè, olùkọ́ ló lọ. Ní 2024, ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà pàṣẹ pé kí nọ́ọ̀sì ti ṣiṣẹ́ fún ọdún 2 nílé kí wọ́n tó lè bá a jẹ́rìí sí ìwé rẹ̀ fún òkèèrè. Àwọn nọ́ọ̀sì fi ẹ̀hónú hàn, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Òwe wa ní ká kọ́ ọmọ, kò ní ká dè é mọ́lẹ̀. Owó oṣù tó tó gbọ́ bùkátà, àti òṣìṣẹ́ tó pọ̀ tó ní wọ́ọ̀dù, ni yóò mú àgbà dúró.

Ọmọ tó ń sáré wọ mícrà ní Agbowó láàárọ̀ yìí ni yóò dúró tì wá lóru ọjọ́ kan. Kó tó di ọjọ́ náà, ẹ jẹ́ kó bá àgbà kan ní wọ́ọ̀dù tí yóò kọ́ ọ.