Kí Ẹ Tó Ra Príńtà Aláwọ̀ Sílé: Ẹ Ṣírò Owó Tàdáwà Mọ́ Owó Ẹ̀rọ

Ní Ìlọrin tiwa níbí, ẹni tó bá fẹ́ ra ẹṣin kì í béèrè owó ẹṣin nìkan. Ó gbọ́dọ̀ ro ohun tí ẹṣin náà yóò máa jẹ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni príńtà aláwọ̀ rí. Owó tí a fi rà á kò ju ìbẹ̀rẹ̀ lọ. Tàdáwà tí yóò máa mu ni ìnáwó tó ń bẹ nídìí rẹ̀.

Èmi náà ti fara gbá a rí. Nígbà tí wòlímọ̀ àwọn ọmọ ilé-kéwú wa ń bọ̀, mo ra príńtà kékeré kan nítorí pé owó rẹ̀ kò ga. Ìwé ètò 200 la fẹ́ tẹ̀. A kò tíì tẹ 40 tí àwọ̀ pupa fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. Nígbà tó máa fi di nǹkan bí 60, káátíríìjì aláwọ̀ ti gbẹ. Mo ra méjì sí i, síbẹ̀ iṣẹ́ kò parí. Business centre ni a ti lọ tẹ ìyókù. Owó àwọn òbí ni owó yẹn, àmáánà sì ni lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ náà ni mo jókòó kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣírò rẹ̀.

Oríṣi mẹ́ta tó wà lọ́jà

Tàdáwà mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ príńtà aláwọ̀ ń lò: dúdú, búlúù, pupa àti yẹ́lò. Bí ẹ̀rọ ṣe ń gbé tàdáwà náà ló ń pín wọn sí oríṣi.

Èkíní ni oní-káátíríìjì. Òun ló pọ́ọ́kú jù láti rà, nítorí pé orí káátíríìjì ni àwọn ilé-iṣẹ́ ti ń jẹ èrè wọn. Ẹ wo HP 123 tí ọ̀pọ̀ príńtà kékeré ń lò: iye ojú-ìwé tí ilé-iṣẹ́ náà kọ fún un ni nǹkan bí 120 fún dúdú àti 100 fún aláwọ̀. Èyí tó tóbi, 123XL, ń tẹ nǹkan bí 480 fún dúdú àti 330 fún aláwọ̀. Inú káátíríìjì kan ṣoṣo ni àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà, nítorí náà bí ọ̀kan bá tán, ẹ ó ra gbogbo rẹ̀ tuntun, bí méjì tó kù kò tilẹ̀ tíì tán.

Èkejì ni oní-táńkì, tí a ń da tàdáwà inú ìgò sí. Epson kọ́kọ́ gbé irú rẹ̀ jáde ní orílẹ̀-èdè Indonesia ní ọdún 2010. Canon àti HP náà ti ń ṣe é báyìí. Owó ẹ̀rọ náà ga, ṣùgbọ́n ìgò dúdú kan ti Canon GI-490 ń tẹ nǹkan bí 6,000 ojú-ìwé, ìgò aláwọ̀ mẹ́ta pa pọ̀ sì ń tẹ nǹkan bí 7,000.

Ẹ̀kẹta ni laser. Tónà tí í ṣe ìyẹ̀fun ló ń lò, iná ló sì fi ń yọ́ ọ mọ́ bébà. Kì í gbẹ bí ẹ bá pa á tì fún oṣù mélòó kan. Àmọ́ tónà mẹ́rin ni ẹ ó máa rà, ó sì ń fa iná púpọ̀.

Kí ni iye ojú-ìwé tí wọ́n ń kọ sára páálí?

Ìlànà àgbáyé kan wà fún un, ISO/IEC 24711, fún àwọn príńtà tó ń lo tàdáwà olómi. Ojú-ìwé márùn-ún kan náà ni wọ́n ń tẹ̀ ní àtẹ̀túntẹ̀ títí tàdáwà fi tán. Ìwé ọ̀rọ̀ tó ní àwòrán díẹ̀díẹ̀ ni, kì í ṣe fọ́tò tó kún ojú-ìwé. Nítorí náà, bí ohun tí ẹ ń tẹ̀ bá jẹ́ fọ́tò tàbí ìwé ìpè tí àwọ̀ bò, ẹ kò lè rí iye yẹn. Ẹni tó ń tẹ ojú-ìwé kan lónìí, méjì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kò lè rí i pẹ̀lú, nítorí pé ẹ̀rọ ń lo tàdáwà láti fọ ẹnu ara rẹ̀.

Ìṣirò náà

Ẹ pín owó tàdáwà sí iye ojú-ìwé tó ń tẹ̀, kí ẹ fi owó bébà kún un. Àpẹẹrẹ lásán ni owó tí mo fẹ́ lò yìí; iye tí wọ́n bá pè fún yín ní ṣọ́ọ̀bù ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Ká ní rímù bébà oní-500 jẹ́ ₦7,500. Bébà kan di ₦15.

Ká ní príńtà oní-káátíríìjì jẹ́ ₦70,000, dúdú rẹ̀ ₦18,000 fún ojú-ìwé 120, aláwọ̀ rẹ̀ ₦20,000 fún 100. Dúdú di ₦150, àwọ̀ di ₦200. Pẹ̀lú bébà, ojú-ìwé kan di ₦365.

Ká ní oní-táńkì jẹ́ ₦250,000, ìgò dúdú ₦15,000 fún 6,000, ìgò àwọ̀ mẹ́ta ₦42,000 fún 7,000. Dúdú di ₦2.50, àwọ̀ di ₦6. Pẹ̀lú bébà, ojú-ìwé kan di ₦23.50.

Ìyàtọ̀ ojú-ìwé kan jẹ́ ₦341.50. Ìyàtọ̀ owó ẹ̀rọ méjèèjì jẹ́ ₦180,000. Bí ẹ bá pín in, ẹ ó rí i pé lẹ́yìn nǹkan bí 527 ojú-ìwé, ẹ̀rọ tó wọ́n ti di èyí tó pọ́ọ́kú. Ilé tó ń tẹ 10 lọ́sẹ̀ yóò dé ibẹ̀ ní nǹkan bí ọdún kan.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì dìde. Ká ní business centre ní Tanke ń gba ₦200 lórí ojú-ìwé aláwọ̀ kan. Ẹ ò rí i pé bí wọ́n bá tilẹ̀ fún yín ní ẹ̀rọ oní-káátíríìjì yẹn lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ó ṣì máa pàdánù ₦165 lórí ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan! Oní-táńkì ń dín ₦176.50 kù, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ tẹ nǹkan bí 1,416 kó tó san owó ara rẹ̀ padà. Ilé tó ń tẹ 100 lóṣù yóò dé ibẹ̀ láàárín oṣù 14 sí 15. Ilé tó ń tẹ 10 lóṣù yóò lò tó nǹkan bí ọdún 12. Kí irú ilé bẹ́ẹ̀ fi owó rẹ̀ pamọ́, kí ó máa lọ sí business centre.

Ọyẹ́ àti iná

Nígbà ọyẹ́, tàdáwà olómi máa ń gbẹ sẹ́nu ẹ̀rọ. Ẹ máa tẹ ojú-ìwé aláwọ̀ kan lọ́sẹ̀, kí ẹ sì máa fi bọ́tìnì ara rẹ̀ pa á kí ẹ tó yọ ọ́ níná, kí ó lè ráyè dé ẹnu ara rẹ̀.

Príńtà olómi kì í fa iná púpọ̀. Ẹ̀rọ amúnáwá kékeré tàbí inverter lè gbé e. Laser lè béèrè ọgọ́rùn-ún watt lọ́nà púpọ̀ nígbà tó bá ń gbóná, jẹnẹrétọ̀ "I better pass my neighbour" sì lè má gbé e.

Ohun tí ẹ ó béèrè ní ṣọ́ọ̀bù

- Nọ́ńbà tàdáwà wo ló ń lò, ojú-ìwé mélòó ló ń tẹ̀, èló sì ni lónìí?
- Ṣé tàdáwà náà wà káàkiri Ìlọrin, àbí Èkó la ó ti máa pè é?
- Ṣé tàdáwà tó bá a wá kún, àbí ti ìbẹ̀rẹ̀ ni? Nínú oní-táńkì, ìgò àkọ́kọ́ ń dín kù nítorí pé ó kọ́kọ́ ń kún inú ọ̀nà rẹ̀.
- Ṣé ẹ̀rọ náà máa ń kọ tàdáwà tí kì í ṣe ti ilé-iṣẹ́ rẹ̀?
- Ta ló lè pààrọ̀ tìmùtìmù tó ń fa tàdáwà ìdọ̀tí mu, nígbà tó bá kún?

Bí agbo ilé kan bá fẹ́ dáwó ra oní-táńkì kan, ó dára, nítorí ojú-ìwé tí ilé kan kò lè tẹ̀ tán, ilé mẹ́rin lè tẹ̀ ẹ́. Àmọ́ kí wọ́n kọ àdéhùn sílẹ̀: iye tí ojú-ìwé kan jẹ́, ẹni tó ń gba owó, àti ibi tí owó tàdáwà ń wà. Àìkọ ọ́ sílẹ̀ ló máa ń di ìjà láàárín ẹbí.

Ìnákúnàá kọ́ ni kéèyàn ra ohun tó wọ́n tí yóò lò dáadáa. Ìnákúnàá ni kéèyàn ra ohun tó pọ́ọ́kú láìṣírò, kó sì máa sanwó rẹ̀ lójoojúmọ́. Kí Ọlọ́hun fi ìbùkún sí owó wa, kó sì fún wa ní òye láti ná an bó ṣe yẹ. Àmín.