Ọpọ́n Tó Dákẹ́ ní Ulm: Ìbéèrè Nípa Ayé àti Ipò Ènìyàn Nínú Rẹ̀

Ní àwọn ọjọ́ ọdún yìí, ẹ ó rí oríṣiríṣi ọpọ́n Ifá: èyí tó rí rogodo, èyí tó ní igun mẹ́rin, èyí tí ìyẹ̀ròsùn ti bò lójú. Ìtàn ọ̀kan tí kò lè wá síbi ọdún ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Ìlú Ulm ni ọpọ́n náà wà, ní ilẹ̀ Jámánì. Oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Christoph Weickmann ló kó o mọ́ àwọn ohun àràmàǹdà tí ó ń kó jọ láti ilẹ̀ òkèèrè. Ní ọdún 1659, wọ́n tẹ ìwé kan tó to àwọn ohun ìní rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ, ọpọ́n yìí sì wà níbẹ̀. Ìwé náà sọ pé ọ̀dọ̀ ọba Ardra ni ó ti wá, ìlú tí a mọ̀ sí Allada lónìí ní orílẹ̀-èdè Benin. Ará Allada kì í ṣe Yorùbá, ṣùgbọ́n Ifá ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Fá ni wọ́n ń pè é ní agbègbè náà, ìtàn wọn sì ń tọ́ka sí Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí Agaja, ọba Dahomey, ṣẹ́gun Allada ní 1724, ọpọ́n náà ti kúrò nílé tipẹ́. Nínú gbogbo ọpọ́n Ifá tí a mọ̀ pé ó ṣẹ́ kù láyé, kò sí èyí tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ pẹ́ tó tirẹ̀.

Nígbà náà, ìjà ńlá ti wáyé ní ilẹ̀ Yúróòpù nípa ibi tí ayé wà láàárín àwọn ohun ojú ọ̀run. Ní 1633, ní ìlú Róòmù, àwọn aláṣẹ ìjọ dá Galileo lẹ́bi nítorí ó ní ayé ló ń yí oòrùn po. Ọdún 26 lẹ́yìn ìyẹn ni ọpọ́n tiwa wọ inú ìwé Weickmann. Òun náà gbé ìbéèrè nípa ayé òun ọ̀run dání, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ ìwé náà kò mọ̀. Ohun tó kọ ni pé pákó tí ọba àti àwọn ìjòyè rẹ̀ fi ń rúbọ ni.

Ẹ wo bí awo ṣe ń lò ó. Ojú Èṣù ni a ń gbẹ́ sí òkè ọpọ́n, nítorí òun ló ń gbé ẹbọ dé òde ọ̀run. Ìsàlẹ̀, níbi tí babaláwo jókòó sí, ni ẹsẹ̀ ọpọ́n. Awo a da ìyẹ̀ròsùn sójú ọpọ́n, a fi ìka fa ilà kan láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, a tún fa òmíràn láti ọ̀tún lọ sí òsì. Níbi tí ilà méjèèjì ti pàdé, oríta ni. Ibẹ̀ ni ayé àti ọ̀run ti pàdé. A wá júbà iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì àti àárín ọpọ́n, kí ìhà kan má baà ṣẹ́ kù tí a kò kí.

Lẹ́yìn èyí ni yóò kó ikin mẹ́rìndínlógún sọ́wọ́. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́ kù, a tẹ ilà méjì. Bí méjì bá ṣẹ́ kù, a tẹ ẹyọ kan. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ni a ó tẹ̀ ẹ́, mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì. Nínú rẹ̀ ni Ojú Odù 16 ti jáde, àti Ọmọ Odù 240, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 256. Odù kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ tirẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, tí ń sọ ìtàn ẹni tí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ ti bá rí.

Ìtàn ìṣẹ̀dá tí a gbọ́ ní Ilé-Ifẹ̀ sọ pé omi ni gbogbo ayé tẹ́lẹ̀. A da yẹ̀pẹ̀ sórí omi, adìyẹ ẹlẹ́sẹ̀ márùn-ún sì tan án ká títí ilẹ̀ fi fẹ̀. Lójú tèmi, ohun tí adìyẹ ṣe sí yẹ̀pẹ̀ ni ọwọ́ awo ń ṣe sí ìyẹ̀ròsùn. Nígbàkigbà tí ènìyàn bá gbé ọ̀ràn rẹ̀ wá sídìí ọpọ́n, a tún ayé dá fún un ní kékeré, kí ó lè rí ibi tí òun dúró sí.

Níbo wá ni ènìyàn wà nínú àwòrán yìí? Kò sí láàárín, kò sì sí lókè. Ìdí ọpọ́n ló wà, níbi tí a ti ń béèrè. Ó ti yan orí lọ́dọ̀ Àjàlá kí ó tó wá sáyé, ó sì ti gbàgbé ohun tó yàn. Ọ̀rúnmìlà tó wà níbẹ̀ ló ń rán an létí. Síbẹ̀, Ifá kò ní kí ó káwọ́ lẹ́rán. Orí rere tí kò ní ẹsẹ̀ tí yóò rìn kò lè dé ibi kankan, ìwà burúkú sì lè ba orí rere jẹ́. Ẹbọ, iṣẹ́ àti ìwà ni ènìyàn fi ń dáhùn.

Àwọn ojúgbà mi kan fẹ́ràn láti máa yangàn pé kò sí ohun tí àwọn onímọ̀ sánmà rí tí Ifá kò ti rí tẹ́lẹ̀. N kò rò pé bí a ṣe ń yin Ifá nìyẹn. Àwọn onímọ̀ náà ní gbogbo àgbáyé yìí ti tó nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 13.8, Ifá kò bá wọn du òṣùwọ̀n. Ohun tí Ifá ń bi ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀ ni pé: nínú ayé tó tóbi tó báyìí, kí ni ìwọ wá ṣe?

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì ni mo kọ́kọ́ rí àwòrán ọpọ́n Ulm nínú ìwé. Mo mú un lọ han Olúwo mi tayọ̀tayọ̀. Baba wò ó títí, wọ́n ní, “Ọpọ́n rere ni. Ta ló ń bá a sọ̀rọ̀ níbẹ̀?” N kò rí èsì fọ̀. Wọ́n ní, “Igi ni wọ́n gbé lọ, ọmọ mi. Ohùn ṣì wà lọ́wọ́ wa. Bí a bá sọ ohùn nù, tiwa náà á di igi.” Ìtìjú mú mi, nítorí mo lè ṣàlàyé Ifá fún àwọn olùkọ́ mi, ṣùgbọ́n ẹsẹ tí mo lè kì nígbà náà kò tó nǹkan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti padà sídìí ẹ̀kọ́.

Ní 2005, àjọ UNESCO kéde Ifá gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ogún iyebíye tí ọmọ aráyé jogún. Ní 2008, wọ́n kọ ọ́ sínú àkójọ wọn. Iyì ńlá ni. Ṣùgbọ́n àkójọ kò lè kì Ifá, gẹ́gẹ́ bí ìwé ọdún 1659 kò ti lè kì í.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé ìdí ọpọ́n ní ọdún yìí, ẹ má wo ọnà ara rẹ̀ nìkan. Ẹ dúró gbọ́ ohùn. Ẹ̀yin òbí, ẹ fi ọmọ sídìí Ifá, kí ẹ sì fi ilé-ìwé kún un. Ọ̀kan kò ní kí èkejì má ṣe é ṣe. Kí ohùn má pa mọ́ wa lẹ́nu, kí ọpọ́n má dákẹ́ lójú wa.

Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.